Ikùn Ọládòṣù àti Téèpù Nọ́ọ̀sì

Lọ́dún 1988, ariwo ta ní wáàfù Àpápá pé àwọn nọ́ọ̀sì ń bọ̀ wá wọn ikùn àwọn òṣìṣẹ́. Ikùn ṣá o! Kì í ṣe bàtà, kì í ṣe fìlà.

"Ta ló ń wọn ikùn èèyàn lásán?" ni Ọládòṣù bi Fọláyọ̀ ìyàwó rẹ̀ nílé wọn ní Ajégúnlẹ̀. "Lóṣù tó kọjá, wọ́n dá ogójì èèyàn dúró. Lóṣù yìí, téèpù. Ẹni tí ikùn rẹ̀ bá tóbi ni wọ́n fẹ́ lé."

"Tó bá jẹ́ ikùn ni, baba Ìyanu, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n máa lé yín."

Ọládòṣù ò rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá géńgì ni, ọkùnrin méjìlá ló ń gbé àpò ìrẹsì jáde nínú ọkọ̀ ojú omi lábẹ́ àṣẹ rẹ̀. Ikùn rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ dé ibi iṣẹ́ kí òun alára tó dé, ó sì fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀, torí òun ló fi hàn pé ó ti kúrò lára àwọn tó ń ru ẹrù. Wàyí o, ikùn náà fẹ́ fẹjọ́ rẹ̀ sun ọ̀gá.

Ní wáàfù, oníkálukú ló ní táálì tirẹ̀, irin pẹlẹbẹ tí wọ́n tẹ nọ́ńbà sí. Ẹni tó bá pẹ́ á fi táálì rẹ̀ rán ọ̀rẹ́, ọ̀rẹ́ á bá a jẹ́ orúkọ, iṣẹ́ á sì máa lọ. Òfin ní kí wọ́n gba táálì lọ́wọ́ ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀, kí wọ́n lé e lọ sílé. Síbẹ̀, gbogbo wọn ló ń ṣe é.

Lọ́jọ́ tí téèpù dé, Ọládòṣù pe Anayo, òṣìṣẹ́ ojúmọ́ tí orúkọ rẹ̀ ò sí nínú ìwé kankan. Apá Anayo tín-ín-rín, ẹsẹ̀ rẹ̀ tín-ín-rín, àfi ikùn kékeré kan tó yọ síwájú bí ẹni fi bọ́ọ̀lù ọmọdé pamọ́ sábẹ́ ẹ̀wù. Omi ló máa ń mu ṣáá láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, á tún sáré lọ tọ̀.

"Gba táálì mi. Tí wọ́n bá pe Ọládòṣù, dá wọn lóhùn."

"Ẹ̀gbọ́n, abeg, dem go draw blood?"

"Díẹ̀ ni. Ẹ̀fọn Ajégúnlẹ̀ ń mu jù bẹ́ẹ̀ lọ lára rẹ."

Anayo lọ, ó sì dá táálì padà nírọ̀lẹ́. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, lẹ́tà dé. Fọláyọ̀ ló kà á sókè: ẹ̀jẹ̀ Ọládòṣù ń ru, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti pọ̀ jù, ọ̀rá inú rẹ̀ náà pọ̀. Kó tètè wá rí dókítà, kí rọpárọsẹ̀ má baà kọ lù ú.

Fọláyọ̀ ò sọkún. Ó gbé agolo ṣúgà lọ sọ́dọ̀ aládùúgbò, ó kó ìgò bíà síta, ó wá ń kọrin bó ṣe ń gbé ẹ̀wà tí kò níyọ̀ síwájú ọkọ rẹ̀:

*Iyọ̀ ti dín kù o, ọkọ mi,*
*Ṣúgà ti dín kù o, ọkọ mi,*
*Ikùn tó ń ṣíwájú yín wọlé,*
*Ẹ jẹ́ kó dúró dè yín!*

Ọládòṣù ń jẹ ẹ̀wà, ó ń rò ó. Lẹ́tà yìí ò mọ́. Wọ́n ti mọ̀ pé òun rán èèyàn, wọ́n wá dẹ pàkúté. Bí òun bá yọjú síbẹ̀, táálì lọ nìyẹn! Àbí Anayo ló tú àṣírí? Láti ọjọ́ náà ló ti ń ṣọ́ Anayo bí ẹni ṣọ́ olè.

Bó ṣe ń ṣọ́ ọ ló fi rí i. Anayo gbé kẹ́ẹ̀gì omi sẹ́nu, ó mu ún gbẹ. Ó tọ̀, ó tún padà wá bomi. Ní ọjọ́ kẹrin, ó gbé àpò ìrẹsì, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ń gbọ̀n. Ó sọ àpò kalẹ̀, ó ń fọwọ́ nu ojú.

"Ẹ̀gbọ́n, I no dey see road well."

Ọládòṣù rántí lẹ́tà náà. Orúkọ òun ló wà lórí lẹ́tà, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ta ni wọ́n fà?

Kò bi ẹnikẹ́ni. Ó fa Anayo lọ́wọ́, wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ àwọn tírélà lọ sí ilé ìwòsàn kékeré tó wà ní Wharf Road. Nọ́ọ̀sì Ebiere, ẹni tó wá pẹ̀lú téèpù lọ́jọ́sí, gba lẹ́tà lọ́wọ́ Ọládòṣù, ó kà á, ó gbójú sókè.

"Ta ni Ọládòṣù nínú yín?"

Ọládòṣù fi táálì sórí tábìlì. Ọwọ́ rẹ̀ ò fẹ́ fi í sílẹ̀.

"Èmi ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ tiẹ̀ lẹ fà. Èmi ni mo rán an. Ẹ gba táálì bó bá wù yín, àmọ́ ẹ tọ́jú ẹ̀ ná."

Kíá ni wọ́n gbé Anayo sórí bẹ́ẹ̀dì. Dókítà ní àtọ̀gbẹ ni, pé ká ní ó tún pẹ́ lọ́jọ́ díẹ̀ sí i, ọ̀rọ̀ ì bá burú. Wọ́n fún un ní abẹ́rẹ́.

"Kí lẹ̀ ń sá fún?" ni nọ́ọ̀sì bi Ọládòṣù.

"Téèpù. Àwọn oníkùn ńlá lẹ fẹ́ lé."

"Baba! Ikùn la fi ń mọ ẹni tí àìsàn yìí ń lúgọ dè. Ìwé wa kì í dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá yín." Ó ti táálì padà sọ́dọ̀ rẹ̀. "Èmi kọ́ ló ń gba táálì. Téèpù ni tèmi. Ẹ gbé apá sókè."

Ọládòṣù wo ojú rẹ̀, ó wo ilẹ̀kùn, ó wo táálì. Ó rọra gbé apá sókè.

"Ẹ kà á sókè o, kí n fetí ara mi gbọ́ nọ́ńbà náà."

"Nọ́ọ̀sì," ni Anayo fi ohùn jẹ́jẹ́ wí látorí bẹ́ẹ̀dì, "dat tape go reach so?"

Ọládòṣù bú sẹ́rìn-ín, ikùn rẹ̀ ń mì jìgìjìgì, ṣùgbọ́n kò gbójú kúrò lára téèpù.