Kìlómítà Mẹ́jọ, Apá Ibo?

3.

...torí nọ́ńbà kì í parọ́. Ohun tí Azeezah ń sọ fún ara rẹ̀ nìyẹn. Òun ló ń kọ́ àwọn ọmọ ní físíìsì nílé lẹ́sìnnì kan ní Pápá Àjàó, ó yẹ kó mọ̀. Nírọ̀lẹ́, bí Jẹ̀lílì ọkọ rẹ̀ bá ti wọ balùwẹ̀, á yọ́ lọ sídìí máṣíìnì rẹ̀, á ka iye kìlómítà tó rìn lọ́jọ́ náà.

4.

Ẹ̀yìn nóòtì rẹ̀:

Mọ́ńdè: 16
Túsìdeè: 16
Wẹ́sìdeè: 16
Tọ́sìdeè: 16
Jímọ̀: 17 (mọ́ṣáláṣí. Àbí?)

Láti ilé dé ibiṣẹ́ Jẹ̀lílì ní Ijora: mẹ́jọ àlọ, mẹ́jọ àbọ̀. Ó pé géẹ́. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀.

(Irọ́ ni mo pa. Kò balẹ̀.)

5.

Àtẹ̀jíṣẹ́, Jẹ̀lílì:
*Mo ti dé Ijora o. Ṣé o ti jẹun?*

Ta ló bi í?

7.

Ojú pátákó:

SKÁLÀ: iye nìkan. Àkókò. Ìwọ̀n ooru. Bí ọ̀nà tá a rìn ṣe gùn tó.

FẸ́TỌ̀: iye, àti apá ibi tó kọjú sí.

Ìbéèrè: Ọkùnrin kan gun máṣíìnì kúrò nílé. Ó rin kìlómítà mẹ́jọ. Níbo ló wà?

8.

ÌRÈTÍ (akẹ́kọ̀ọ́, ìjókòó iwájú): Àǹtí, a ò lè mọ̀.
AZEEZAH: Kí ló dé? Ṣebí mo fún yín ní iye.
ÌRÈTÍ: Ẹ ò sọ apá ibi tó lọ. Ó lè wà níbikíbi. Ṣé mo gbà á, Àǹtí?

9.

Yéè! Skálà ló ti ń kà látọjọ́ yìí, tó ń pè é ní ẹ̀rí.

10.

Ohun tó wà ní kìlómítà mẹ́jọ sí ilé wọn:

Ijora.
Ilé Ọmọlará ní Ìkẹjà, ẹni tí Jẹ̀lílì ì bá fẹ́ ká ní kò rí Azeezah.

11.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo lòótọ́ máa bá a.

Bí wọ́n bá jọ gba ọ̀nà kan náà ni o.

12.

Sátidé, ọ̀sán.

AZEEZAH: Ẹ jẹ́ ká jọ lọ síbiṣẹ́ yín lónìí.
JẸ̀LÍLÌ: Ó dáa. Bọ́ sẹ́yìn.

Kò jiyàn. Kò bi í pé kí ló ṣẹlẹ̀. Ìyẹn gan-an ló bà á lẹ́rù.

13.

Wọ́n dé oríta. Jẹ̀lílì dúró, ó pa máṣíìnì. Ọ̀tún ń lọ Ijora. Òsì ń lọ Ìkẹjà.

JẸ̀LÍLÌ: Ìwọ ni tísà, ìwọ lò ń ka kìlómítà mi. Júwe ibi tó o rò pé mò ń lọ. Màá gbé ẹ débẹ̀.

14.

Azeezah mọ ọ̀nà ilé Ọmọlará. Bọ́ọ̀sì méjì. Géètì aláwọ̀ ewé, igi máńgòrò kan. Ó ti lọ dúró níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Fóònù rẹ̀ ló wọn kìlómítà mẹ́jọ náà fún un. Kò rí máṣíìnì Jẹ̀lílì níbẹ̀ rí.

15.

Àtẹ̀jíṣẹ́, Azeezah, láti ẹ̀gbẹ́ géètì náà:
*Mo ti dé lẹ́sìnnì o. Ṣé ẹ ti jẹun?*

13, lẹ́ẹ̀kan sí i.

JẸ̀LÍLÌ: Apá ibo?

16.

Kó tó mọ̀, Azeezah ti na ọwọ́.

Ẹ má bi mí pé ibo ló nà án sí. Jẹ̀lílì wo ọwọ́ náà títí. Ó ṣáná sí máṣíìnì.