Bí Matilda Ṣe Díwọ̀n Ilé-Iṣẹ́ Irin Àbúrò Rẹ̀

Lọ́dún kẹrin tí ìjọba gbé SAP dé, ètò àtúntò ọrọ̀-ajé, tí gbogbo ayé ń kígbe pé ọjà ti gbówó lórí, bí ẹ bá fẹ́ rí ẹni tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde, Matilda Ìbítáyọ̀ ni kí ẹ lọ wò. Tíṣà ni, ìṣirò owó àti ìmọ̀ òwò ló fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ àwọn ọmọ nílé ìwé girama kó tó fẹ̀yìn tì. Ọkọ rẹ̀ ti kú, kò sì bímọ. Àbúrò kan ṣoṣo ló ní láyé, Ernest, òun náà ló sì tọ́ ọ dàgbà lẹ́yìn tí ìyá wọn kú. Ó mu gààrí láìsí ẹja, ó wọ bàtà kan náà títí ìsàlẹ̀ rẹ̀ fi lu, kí Ernest lè rí ọ̀nà dé ìlú òyìnbó. Àdìó ló máa ń pè é, oríkì rẹ̀ nìyẹn. Bó bá ti ní "Àdìó mi" báyìí, ẹ ó rí i tí ojú rẹ̀ á máa dán.

Àdìó náà dé láti òkè òkun, ó dá ilé-iṣẹ́ irin sílẹ̀ lójú ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀. Àlòkù irin ni wọ́n ń yọ́ níbẹ̀, mọ́tò tó ti kú, ìkòkò tó ti lu, gbogbo pàǹtí irin pátá. Wọ́n á yọ́ ọ nínú ìléru, ẹ̀rọ ńlá á tẹ̀ ẹ́ gùn, á di ọ̀pá irin tí àwọn bíríkìlà ń gbé sínú kọnkéré. Ìlú yìn ín. Ta ni kò ní yìn ín? Èmi gan-an ì bá yìn ín.

Wàyí o, ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, àwọn tí wọ́n bí ní sáà kan náà ló ń jọ ṣe régbérégbé. Ẹgbẹ́ ọjọ́ orí ni, ẹni bá ti wọ̀ ọ́, ó di ọjọ́ ikú. Àwọn obìnrin ẹgbẹ́ Matilda ti tu owó jọ láti ìgbà tí irun orí wọn ṣì dúdú, wọ́n ti fi ra ilẹ̀ kan lọ́nà Ìjagun, ilẹ̀ tó tẹ́jú pẹrẹsẹ. Gbọ̀ngàn ẹgbẹ́ ni wọ́n fẹ́ kọ́ síbẹ̀, kí wọ́n má bàa máa yá ibi ìpàdé kiri bí aláìnílé. Kò sí ohun mìíràn tí ẹgbẹ́ náà ní. Bí wọ́n bá ń kọjá lójú ọ̀nà yẹn, wọn á ní kí awakọ̀ rọra, kí àwọn lè yọjú wo ilẹ̀ àwọn.

Ilẹ̀ yìí ni Ernest wá bẹ̀ wọ́n fún. Ó wọ kóòtù, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ní kí àwọn ìyá òun fi ilẹ̀ náà fún ilé-iṣẹ́ òun, òun á fi ìpín nínú ilé-iṣẹ́ san án fún wọn, èrè tó bá sì ń jáde lọ́dọọdún yóò kọ́ gbọ̀ngàn tó ju gbọ̀ngàn lọ. Àwọn obìnrin náà wo ara wọn. Mọ́ṣádé, olórí ẹgbẹ́, tó ń ta aṣọ lọ́jà Òkè-Ajé, wá kọjú sí Matilda.

Ó ní, "Ìwọ lo mọ̀wé. Bá wa wò ó bóyá ilé-iṣẹ́ yẹn ń ṣe dáadáa. Ohun tó o bá sọ fún wa, a ti gbà."

Ẹ ò rí nǹkan! Ohun tí Matilda ti ń wá láti ọjọ́ yìí nìyẹn. Ó ní kí wọ́n fún òun láyè, òun fẹ́ wo ìṣirò ọdún mélòó kan papọ̀.

Ìwọ̀n rẹ̀ kò le rárá. Ó ní kí wọ́n kó gbogbo dúkìá ilé-iṣẹ́ náà jọ, ilẹ̀, ilé, ẹ̀rọ, ọkọ̀, irin tó wà nílẹ̀, kí wọ́n mọ iye tí gbogbo rẹ̀ jẹ́. Kí wọ́n wá wo iye ọjà tí ilé-iṣẹ́ náà tà láàárín ọdún. Kí wọ́n fi iye dúkìá pín iye ọjà. Ohun tó bá jáde ló ń sọ bí náírà kọ̀ọ̀kan tó wà nínú dúkìá ṣe ń ṣiṣẹ́ sí.

"Ẹ wò ó," ó ṣàlàyé fún wọn nípàdé, "bí Mọ́ṣádé bá di aṣọ kún ṣọ́ọ̀bù dẹ́nu ọ̀nà, tí Rose sì ń gbé aṣọ tirẹ̀ kiri lórí, tí iye tí àwọn méjèèjì ń tà lọ́dún wá dọ́gba, èwo nínú wọn ni nǹkan ìní rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ jù?"

"Rose ni!" ni gbogbo wọn pariwo. Rose fò dìde, ó jó yípo àga.

Mọ́ṣádé ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ṣọ́ọ̀bù mi lọ́rùn sílẹ̀ o." Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn.

Ìṣirò jáde. Lọ́dún àkọ́kọ́, náírà kan dúkìá ta ọjà ogójì kọ́bọ̀. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó di ọgọ́rin kọ́bọ̀. Èyí tó tún tẹ̀ lé e, ó kọjá náírà kan. Matilda dúró láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀ léṣìí, ó ní òun ò tíì rí ilé-iṣẹ́ tó mọ dúkìá lò bẹ́ẹ̀ rí. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Wọ́n wá fi àdéhùn sí i pé bí ìṣirò ti ọdún yìí bá tún dára, wọn á fi ilẹ̀ náà sílẹ̀.

Ohun tó ń bí mi nínú rèé. Obìnrin yìí mọ̀ pé ilé-iṣẹ́ irin kì í yára báyẹn. Òun fúnra rẹ̀ ló máa ń wí i nínú kíláàsì pé ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ irin wúwo, owó gọbọi ló sì ń ná ẹni, nítorí náà ọjà rẹ̀ kì í tètè bá dúkìá rẹ̀ dọ́gba bíi ti ẹni tó ń ta tòmátì. Ká ní ọmọ ẹlòmíràn ló ni ín ni, kíá ni ì bá béèrè pé kí ló dé tó fi gòkè lójijì. Ṣùgbọ́n Àdìó ni. Ó ní ọpọlọ àbúrò òun ló ń ṣiṣẹ́. Ọpọlọ kẹ̀! Ẹ máa gbọ́ ná.

Kò sì wọ inú ilé páànù ńlá tí wọ́n ti ń yọ́ irin náà rí. Bó bá ti débẹ̀, inú ọ́fíìsì tó tutù nini ni Ernest yóò mú un lọ, yóò gbé ọtí ẹlẹ́rìndòdò àti bisikíìtì fún un, yóò ní, "Iná ìléru yẹn kò dára fún ojú yín, Àǹtí mi." Matilda náà kò fẹ́ kí àwọn òṣìṣẹ́ máa sọ pé ẹ̀gbọ́n ọ̀gá wá ń ṣọ́ ọ̀gá. Lójú tirẹ̀, ìtìjú ọmọlúàbí ni. Ó mu ọtí rẹ̀, ó lọ sílé.

Lọ́dún yìí, ìṣirò tuntun dé. Náírà kan dúkìá ti ń ta ọjà náírà méjì. Matilda fi ṣe ìyangàn fún aládùúgbò rẹ̀. Kò tíì bá ẹgbẹ́ sọ ọ́, ó ń fi pamọ́ de ìpàdé ọjọ́ Àbámẹ́ta.

Àárín ọ̀sẹ̀ yẹn ni Ṣàngóbíyì wá kí i. Ará abúlé kan lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Imùṣin ni Ṣàngóbíyì, òun ni olórí àwọn tó ń dúró ti ẹ̀rọ tó ń tẹ irin. Lọ́dọọdún, bí àwọn òṣìṣẹ́ bá ti bọ Ògún tán nílé-iṣẹ́, á gbé iṣu sísun àti àgbàdo sísè wá fún ẹ̀gbọ́n ọ̀gá. Ọmọ ìjọ ni Matilda, kì í jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n kì í kọ̀ ọ́. Á dúpẹ́, á sì fi fún aládùúgbò.

"Ẹ kú ọdún o, mà," ni Ṣàngóbíyì wí. "Ẹ máà bínú pé kò pọ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀. Ẹ̀bá géètì la ti ṣe é lọ́dún yìí."

"Ẹ̀bá géètì? Kí ló dé, bàbá?"

"Ìdí ẹ̀rọ la ti máa ń bọ ọ́, mà. Ẹ̀rọ ò sí nílé. Ọ̀gá ní wọ́n gbé e lọ tún ṣe l'Ékòó. Eléyìí tó kọ́kọ́ lọ ò tíì dé tí èkejì náà fi lọ, ìléru náà sì tún tẹ̀ lé wọn. A ṣì ń retí wọn."

"Kí lẹ wá ń ṣe níbẹ̀ láti ọjọ́ yìí?"

"À ń gbálẹ̀, mà."

Matilda gba abọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó dúpẹ́, ó tilẹ̀ bèèrè àlàáfíà ìyàwó rẹ̀. Ìgbà tí ó jókòó ló bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò ọ̀rọ̀ náà. Ilé-iṣẹ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ń gbálẹ̀, níbo ló ti rí irin tà? Bí wọ́n bá sì ta ẹ̀rọ, tí wọ́n wá ka owó ẹ̀rọ mọ́ owó ọjà ńkọ́? Dúkìá ń wálẹ̀, ọjà ń gòkè. Ìwọ̀n rẹ̀ á máa dára sí i lọ́dọọdún, títí kò fi ní í ku ohun kan nínú ilé-iṣẹ́ náà. Ó ní, "Jésù! Àdìó kọ́. Kò lè jẹ́ Àdìó."

Lọ́jọ́ Ẹtì, ó wọ ọkọ̀ lọ síbẹ̀. Ọmọbìnrin ọ́fíìsì ń sá tẹ̀ lé e pé, "Mà, ẹ jọ̀ọ́ mà, ọ̀gá ní kí ẹ jókòó," kò tilẹ̀ wẹ̀yìn. Ó ti ilẹ̀kùn ilé páànù náà, ó wọlé.

Ilé náà ṣófo. Oòrùn ń gba ihò páànù wọlé. Nílẹ̀, àwọn bọ́ọ̀tù tí wọ́n fi de ẹ̀rọ mọ́ kọnkéré yọrí jáde lọ́wọ̀ọ̀wọ́, epo dúdú sì yí ibi tí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ti jókòó ká. Adìẹ kan àti àwọn ọmọ rẹ̀ ń jẹ̀ níbi tí ìléru wà tẹ́lẹ̀. Wọ́n ti gbá ilẹ̀ náà mọ́ tónítóní.

Ernest sáré wọlé, táì rẹ̀ ti yí sẹ́yìn. "Àǹtí mi! Ẹ ò sọ pé ẹ ń bọ̀."

"Ernest, ẹ̀rọ dà?"

"Wọ́n gbé e lọ tún..."

"Má purọ́ fún mi. Èmi ni mo nu idọ̀tí ìdí rẹ, má purọ́ fún mi!"

Ernest fa táì rẹ̀ bọ̀ síwájú. Ó ní SAP ni, ó ní kò sí bí òun ṣe lè rówó ra ohun tí ẹ̀rọ ń lò láti òkè òkun mọ́, ó ní gbèsè báńkì ń lé òun kiri. Matilda ní òun gbọ́. Ó ní ilé-iṣẹ́ ẹni lè dojú dé, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ló dé tó fi ka owó ẹ̀rọ mọ́ ọjà, tó jẹ́ kí òun dúró láàárín ẹgbẹ́ òun kí òun máa yìn ín?

"Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi ní ìwọ̀n yẹn, Àǹtí mi," ni Ernest wí. Kò pariwo. "Lórí tábìlì ilé ìdáná wa, mo ṣì kéré. Mo mọ̀ pé ibẹ̀ lẹ máa wò. Mo mọ̀ pé bó bá ti jẹ́ tèmi, ẹ ò ní wo ibòmíràn."

Háà! Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Matilda lára ju ti ẹ̀rọ tí kò sí mọ́ lọ. Ìfẹ́ tó fi tọ́ ọmọ yìí ni ọmọ náà kà, tó fi ṣe ìṣirò. Ó ń wo ojú rẹ̀, ojú ìyá wọn gẹ́lẹ́, ó sì dàbí ẹni pé òun ò mọ̀ ọ́n rí.

"Ẹ ràn mí lọ́wọ́," ni Ernest ń bẹ̀ ẹ́. "Ohun tí ẹ sọ léṣìí náà ni kí ẹ tún sọ lọ́la."

"Láéláé. Àwọn obìnrin yẹn ò ní nǹkan mìíràn lẹ́yìn ilẹ̀ yẹn. N ó dúró lọ́la, n ó sọ òótọ́ fún wọn."

Ernest wolẹ̀. Ó ní, "Ẹ ṣe bó bá ṣe wù yín, Àǹtí mi." Matilda rò pé ìtìjú ló mú un. Ó ń sunkún délé, síbẹ̀ ó ń dúpẹ́ pé òun tètè mọ̀, pé ilẹ̀ ẹgbẹ́ òun ò tíì lọ.

Bó ṣe wọ àgbàlá Mọ́ṣádé ní ọjọ́ Àbámẹ́ta báyìí, gbogbo ẹgbẹ́ dìde, wọ́n hó yèè. Wọ́n ti fi aṣọ funfun bo àga kan dè é. Rose gbá a mọ́ra.

"A ti ṣe é o!" ni Mọ́ṣádé wí. "A ò dúró dè ọ́ mọ́. Ernest wá bá wa lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Ìsinmi tó kọjá, ó ní o ti wọ̀n ọ́n tán, pé ti ọdún yìí tún dára ju ti èṣí lọ, pé ojú ló ń tì ọ́ láti máa yin àbúrò ara rẹ ní gbogbo ìgbà. A bi aládùúgbò rẹ, òun náà ní o sọ bẹ́ẹ̀. A ti fọwọ́ sí i. Ilẹ̀ ti di ti ilé-iṣẹ́."

"Mo gba ibẹ̀ kọjá láàárọ̀ yìí," ni Rose wí, "wọ́n ti ń to búlọ́ọ̀kù. Mi ò mọ àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ o, Hausa kan àti ọ̀gá rẹ̀ kan tó wá láti Èkó, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀!"

Ẹ ṣe bó bá ṣe wù yín, Àǹtí mi. Ẹni tí gbèsè báńkì ń lé kiri, níbo ló ti máa rí owó ra búlọ́ọ̀kù? Ó ti tà á fún ará Èkó yẹn. Nígbà tó ń wolẹ̀ sọ ọ́, ó ti ta ilẹ̀ náà, ó ń fi Matilda sílẹ̀ kó lọ sọ òótọ́ rẹ̀ fún afẹ́fẹ́.

Kò jókòó lórí aṣọ funfun náà. Ó dúró, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn, bọ́ọ̀tù, adìẹ, epo dúdú, gbogbo rẹ̀ pátá. Kò bo àbúrò rẹ̀ láṣìírí. Nígbà tó parí, kò sí ẹni tó sunkún, kò sí ẹni tó ṣépè. Rose tú gèlè orí rẹ̀, ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Mọ́ṣádé ló sọ̀rọ̀. "Matilda, kó o tó dúró níwájú wa léṣìí, ṣé o wọ ibi tí wọ́n ti ń yọ́ irin yẹn wò?"

"Mi ò wọ̀ ọ́."

"Kí ló dé?"

"Àbúrò mi ni."

Mọ́ṣádé ká aṣọ funfun kúrò lórí àga náà. Ó rọra ṣẹ́ ẹ po, ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Ó ní, "Àwa náà, ẹgbẹ́ rẹ ni wá."