Ọwọ́ Ọ̀tún Mẹ́ta

Ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ ike kan ní Oregun gé ọwọ́ ọ̀tún Gbénró, ọkọ mi. Àpò ìrẹsì kan ni àwọn ọ̀gá ilé-iṣẹ́ náà fi bẹ̀ wá wò. Mi ò tíì tú u, mi ò sì ní tú u.

Ọwọ́ òsì àti eyín ni Gbénró wá fi ń to róbọ́ọ̀tì ìṣeré oníke tó ti fẹ́ràn àtimáa tò pọ̀ látijọ́. Ọwọ́ ọ̀tún mẹ́ta ló wà nínú páálí èyí tó rà kẹ́yìn, kéèyàn lè máa pààrọ̀ wọn. Láàárọ̀ yìí, ó kun ọ̀kan ní àwọ̀ ara rẹ̀, ó ya àpá tó wà ní àtàǹpàkò ọwọ́ rẹ̀ tó gé sí i.

Mo ní kó fi sára róbọ́ọ̀tì náà. Ó gbé e lé ibi tí apá tirẹ̀ ti gé.