Àkísà Inú Táyà

Opó kan rèé, afọṣọ ni nílé ìwòsàn. Kẹ̀kẹ́ tí ọkọ fi sílẹ̀ ló ń gùn lọ síbi iṣẹ́, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni gbé ẹyin. Ṣùgbọ́n tó bá ti dórí òkúta wẹ́wẹ́ lẹ́bàá afárá, níbi tí ọkọ rẹ̀ ti ṣubú kú, táyà ẹ̀yìn á súfèé: fìììì. Ìfé tí olóògbé fi ń pè é láti ẹnu ọ̀nà gẹ́lẹ́ ni. Táyà á sì rọ̀ wọ̀ọ̀.

Ó lẹ túùbù títí túùbù fi dà bí ẹ̀wù alágbe. Ó ra tuntun. Fìììì.

Ọ̀gá rẹ̀ ní, "Ìyàwó oníkẹ̀kẹ́, ṣé ìwọ ló ń gun kẹ̀kẹ́ ni, àbí kẹ̀kẹ́ ló ń gùn ọ́? Tó o bá tún pẹ́, wáṣẹ́ mìíràn."

Nírọ̀lẹ́ ó wí fún ìyá ọkọ rẹ̀ pé, "Màmá, ọmọ yín ń pè mí. Kò fẹ́ kí n kọjá afárá."

"Ọmọ mi tí kì í pẹ́ síbi iṣẹ́? Gbé kẹ̀kẹ́ wá. Àkísà inú táyà ńkọ́?"

"Àkísà wo, Màmá?"

"Táyà yẹn ti ya tipẹ́. Aṣọ kakí ló máa ń tẹ́ sójú ibẹ̀, kí òkúta má baà gún túùbù."

Opó rántí. Nígbà tó tú táyà láti fọ̀ ọ́, kó tó gun kẹ̀kẹ́ náà rárá, ó rí àkísà náà, ó pè é ní ìdọ̀tí, ó sọ ọ́ nù.

Ẹ̀wù kakí olóògbé kan ló kù, abẹ́ ìrọ̀rí opó ló wà. Òun tó ń fọ aṣọ gbogbo ayé, kò fọ ìyẹn.

"Òórùn rẹ̀ nìkan ló ṣẹ́kù fún mi, Màmá."

"Mo mọ̀. Èmi náà máa ń wá gbóòórùn rẹ̀ tó o bá ti jáde."

Opó lọ gbé ẹ̀wù náà wá. Màmá di ẹ̀wù mú, opó fi àlùmọ́gàjí gé apá rẹ̀ kan.

Lówùúrọ̀, ó dórí òkúta. Táyà le bí igi. Kò sí ìfé. Omijé ti ń bọ̀ lójú rẹ̀ nígbà tó gbọ́ ọ láti orí afárá, lẹ́yìn rẹ̀: fìììì.

Kò wẹ̀yìn. Ó fi orin dáhùn:

*Dúró síbẹ̀, olówó orí mi,*
*Má sáré tẹ̀lé mi mọ́;*
*Apá ẹ̀wù rẹ ń bẹ lábẹ́ mi,*
*Ó ń gbé mi lọ, ó ń gbé mi lọ.*

Ọ̀gá bá a tó ṣì ń kọrin lẹ́nu ọ̀nà ibi iṣẹ́, ó ti dé ṣáájú ẹni tó mú kọ́kọ́rọ́ wá.

"Ta lò ń kọrin fún?"

"Ẹni tó sìn mí dé afárá ni, ọ̀gá."