Ta Ló Ń Jó Wáyà Mi?

Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé láàárín ọjọ́ mẹ́ta tí wáyà náà jó. Ìyá Oníwáyà sáré pa iná, ó fi ọwọ́ fẹ́ èéfín kúrò níwájú rẹ̀, ó sì yíjú sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin tó jókòó sí tábìlì òdìkejì, tó ń tú ẹ̀yìn rédíò bí ẹni tí imú rẹ̀ dí.

"Ẹni tó bá ń ṣe é, kó máa ṣe é lọ," obìnrin náà sọ ọ́ sáfẹ́fẹ́. "Ojú mi ò kúkú fọ́."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń tú rédíò rẹ̀ lọ.

Ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì tí àwọn ọmọ ìyá méjèèjì kò ti bára wọn sọ ju "ẹ káàárọ̀" lọ. Ẹ̀gbọ́n fẹ́ kí wọ́n ti ṣọ́ọ̀bù àtúnṣe ẹ̀rọ tí bàbá wọn fi sílẹ̀ pa, kí òun lọ ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ ńlá kan. Ìyá Oníwáyà ní níwọ̀n ìgbà tí òun bá ṣì ń mí, ilẹ̀kùn yẹn ò ní tì. Ibẹ̀ ni wọ́n wà tí agbẹ̀bí kan fi gbé iṣẹ́ wá fún un: ẹ̀rọ kékeré tí yóò jẹ́ kí wọ́n máa gbọ́ bí ọkàn ọmọ inú oyún ṣe ń lù. Ọjọ́ Ẹtì ni yóò wá gbà á. Bí kò bá ṣiṣẹ́, ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n jóòótọ́ nìyẹn. Ta wá ni kinní náà yóò dùn mọ́ nínú tó bá bàjẹ́? Obìnrin náà rò ó títí, ẹnì kan ṣoṣo ló rí.

Ọ́pù-áǹpù ló wà láàárín iṣẹ́ náà, kóró dúdú ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ tí í sọ ohùn tíńtín di ńlá. Iná ọ̀nà méjì ló ń jẹ: fóòtì méjìlá lókè òdo, fóòtì méjìlá nísàlẹ̀ òdo. Wáyà dúdú tín-ín-rín kan ló gbé òdo yẹn wá láti inú ẹ̀rọ apínná. Bó bá fi mítà alágbèéká wọ̀n ọ́n, gbogbo rẹ̀ á pé. Àmọ́ bó bá ti ní kí òun fi síkóòpù wò ó, ẹ̀rọ tí í ya àwòrán iná sójú gíláàsì, bó ṣe ń há kílíìpù rẹ̀ mọ́ òdo báyìí, wáyà dúdú á rú èéfín. Síkóòpù kan náà tó ti ń lò láti ọdún mẹ́fà!

Ní Ọjọ́rú, kó tó lọ jẹun ọ̀sán, ó fi aṣọ bo tábìlì rẹ̀, ó sì na òwú funfun kan lé e lórí, kó lè mọ̀ bí ẹnikẹ́ni bá fọwọ́ kàn án. Kò jìnnà. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ló dúró sí, ó ń ka mímí ara rẹ̀. Nígbà tó yọjú, òwú ti wà nílẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì na ọwọ́ sẹ́yìn ẹ̀rọ apínná.

"Ẹ̀gbọ́n mi! Kí lẹ̀ ń wá níbẹ̀?"

Ọkùnrin náà kò tilẹ̀ ta gìrì. "Mo ń wò ó bóyá irin yẹn ṣì le."

"Irin wo?"

Ó yí ẹ̀rọ náà sí i. Irin pẹlẹbẹ kan so ihò ìsàlẹ̀ òdo pọ̀ mọ́ ihò aláwọ̀ ewé, ìyẹn ihò ilẹ̀, tó ń gbé iná tó bá sá jáde lọ sínú ilẹ̀.

"Ọjọ́ Àìkú ni mo fi síbẹ̀. Ṣé o rántí bí iná ara ẹ̀rọ yìí ṣe gbé ọ lọ́sẹ̀ tó kọjá, tí ife ọwọ́ rẹ fọ́? Wáyà ilẹ̀ rẹ̀ ló já. Mo so ó padà, mo wá fi irin yìí kún un, bí mo ṣe máa ń ṣe tí mo bá ń tún rédíò ṣe, kó má baà tún gbé ọ."

"Ẹ ò sì lè sọ fún mi?"

"Ṣé ìwọ ń bá mi sọ̀rọ̀ ni?"

Ìyá Oníwáyà kò gbà á gbọ́. Ẹnu dùn ún ròfọ́, ó sọ nínú ara rẹ̀. Ó mú mítà, ó fi ẹnu rẹ̀ àkọ́kọ́ kan kílíìpù síkóòpù, ó fi èkejì kan irin náà. Mítà ké píì, ìyẹn pé àwọn méjèèjì so pọ̀. Ó tún un ṣe. Ó tún ké.

Ó gbé mítà sílẹ̀. Kílíìpù síkóòpù gba inú púlọ́ọ̀gì lọ sí ilẹ̀. Irin ẹ̀gbọ́n náà lọ sí ilẹ̀ kan náà. Nígbàkigbà tó bá há kílíìpù mọ́ òdo, òdo àti ìsàlẹ̀ òdo pàdé ara wọn nílẹ̀ nìyẹn, gbogbo iná ọ̀hún á sì gba inú wáyà tín-ín-rín yẹn kọjá.

"Ẹ̀yin lẹ fi irin síbẹ̀," ó rọra sọ, "èmi ni mo há kílíìpù. Àwa méjèèjì la jùmọ̀ ń jó o."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wo òwú tó wà nílẹ̀, ó wo aṣọ, ó wá wo ojú rẹ̀. "Kí lo rò pé mo ń ṣe?"

Irọ́ wà lẹ́nu rẹ̀, àmọ́ kò pa á. "Mo rò pé ẹ̀ ń ba iṣẹ́ mi jẹ́ ni."

"Èmi?" Ọkùnrin náà jókòó. Nígbà tó dìde, ó tú irin náà, ó sì fi so ihò òdo mọ́ ilẹ̀ dípò ti ìsàlẹ̀. "Há kílíìpù rẹ báyìí."

Obìnrin náà há a. Èéfín kankan kò rú. Ìlà aláwọ̀ ewé kan ń gòkè, ó ń sọ̀ lójú gíláàsì, ó mọ́ roro.

"Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n mi."

"Mo ti gbọ́," ó ní, àmọ́ títí di ọjọ́ kejì kò rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ Ẹtì, agbẹ̀bí mú aláboyún kan wá, wọ́n sì gbé ẹ̀rọ náà lé e níkùn. Kì-kì, kì-kì, kì-kì, ìró ọkàn ọmọ náà gba gbogbo ṣọ́ọ̀bù. Ẹ̀gbọ́n pa rédíò tó ń tún ṣe, ó wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àbúrò rẹ̀. Ó ṣì lọ sí ilé-iṣẹ́ ńlá yẹn nígbà tí oṣù parí. Ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀bù kò tì, àárọ̀ Sátidé kan kì í sì í kọjá kí ẹ̀gbọ́n má yà síbẹ̀ wá bi àbúrò rẹ̀ léèrè pé: "Kí lo tún há mọ́ kí ni?"