Igi Ìgbálẹ̀ Kan Ṣoṣo

Ọjọ́ Sátidé tó ṣáájú ìwọlé àwọn ọmọ ilé-ìwé ni. Ọjà kún débi pé èèyàn ò ríbi gbẹ́sẹ̀ sí. Mo ń tú ìdì ìgbálẹ̀ kan lọ́wọ́ nígbà tí mo gbójú sókè, ojú mi sì ko ti ọ̀dọ́kùnrin kan láàárín èrò. Ẹnì kan fi agbọ̀n gbá a léjìká, kò tiẹ̀ wò ó. Èmi ló ń wò. Ìgbálẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ mi, ó fọ́n ká sílẹ̀.

Ó bẹ̀rẹ̀, ó ń bá mi ṣà á lẹ́yọ lẹ́yọ. Zayd lorúkọ ẹ̀. Ó ń kọ́ṣẹ́ tíṣà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan lẹ́yìn ọjà, ọ̀gá ẹ̀ obìnrin sì ní kó ra igi ìgbálẹ̀ wá fún kíláàsì kìíní. Mo na ìdì kan sí i. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní igi lòun ń wá, kì í ṣe ìgbálẹ̀. Mo ní igi náà nìyẹn. Kò gbà. Àbújá ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà, ìgbálẹ̀ onírọ́bà tí wọ́n ń ki igi gígùn bọ̀ nídìí ni wọ́n ń lò nílé wọn. Bó ṣe gba ọ̀dọ̀ káfíńtà lọ nìyẹn.

Àǹtí Ràmọ́tà tó ni ìsọ̀ tí mo ti ń tajà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀. "Igi tí àwọn ọmọ fẹ́ fi kọ́ oókan, eéjì! Wọ́n á máa ka òpó."

Nígbà tí Sátidé mìíràn pé, ó padà wá tìtìjú-tìtìjú. Ó ní ọ̀gá òun bi òun pé ọmọ wo ló máa gbé igi náà rù. Mo bá a gé ìgbálẹ̀ sí kéékèèké, mo dì í ní mẹ́wàá mẹ́wàá. Mo sọ fún un pé ìyá mi ń fi igi ìgbálẹ̀ gún ẹnu ewé pọ̀, bàbá mi ń fi tayín, èmi náà sì ń fi gún mọ́ínmọ́ín wò bóyá ó ti jinná.

Láti ìgbà náà, kò sí Sátidé tí kò wá. Ó ní àwọn ọmọ ti sọ tiwọn nù. Lọ́jọ́ mìíràn, ó ní wọ́n ti ṣẹ́ ẹ.

"Ikhlas," Àǹtí Ràmọ́tà ní, "ṣé ìgbálẹ̀ ló ń rà ni, àbí ojú ẹ?"

Mo kọ lẹ́tà sí i. Odindi Sátidé mẹ́ta ló fi wà lábẹ́ ẹní ìsọ̀. Bí mo bá ti nawọ́ sí i, ọwọ́ mi á padà.

Ní Sátidé kẹrin, Zayd dé pẹ̀lú báàgì léjìká. Ó ní iṣẹ́ òun ti parí lánàá, mọ́tò Àbújá ń dúró de òun. Bí mi ò bá fún un lónìí, ó di àfẹ́kù.

"Mélòó lẹ fẹ́ lónìí?" ni mo bi í.

"Wọ́n ti ní tó. Mo kàn ní kí n wá kí yín ni."

Àǹtí Ràmọ́tà kẹ̀yìn sí wa, ó ń to ìgbálẹ̀ tó ti tò láàárọ̀.

Mo gbé ẹní sókè. Mi ò ní àpò lẹ́tà. Mo ti ká bébà náà, mo sì ti fi igi ìgbálẹ̀ kan gún ẹnu ẹ̀ pọ̀, bí ìyá mi ṣe ń ṣe ewé.

"Ẹ mú kan dání."

Ó wo igi náà, ó wo bébà tó wà lábẹ́ ẹ̀. Ó tẹ́wọ́.

"Oókan," ló wí jẹ́jẹ́, bí ọmọ kíláàsì kìíní.

Mo gbé e lé e lọ́wọ́.