Aporo Kan, Ọkọ́ Méjì

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹtàlá oṣù Kẹfà, ọdún 2009, ni ọ̀ràn náà bẹ̀rẹ̀. Aago méje àárọ̀ kò tíì lù. Bí ẹnikẹ́ni ní Abúlé Olóṣè bá dárúkọ ọjọ́ mìíràn, irọ́ ni ó pa, nítorí Alàgbà Akínladé fi èédú kọ ọjọ́ náà sára ògiri àká rẹ̀, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pa á rẹ́ títí di òní.

Kí ọjọ́ náà tó dé, àáró ni ìjọ Abúlé Olóṣè fi ń dàgbà. Abúlé kékeré ni, láàárín Ìdèrè àti Igbó-Ọrà, níbi tí ọ̀kadà nìkan lè dé ní ìgbà òjò. Bí Àbámẹ́ta bá pé, gbogbo ọmọ ìjọ tí ó lè roko a gbé ọkọ́, wọn a jọ ro oko ẹnì kan. Ní ọ̀sẹ̀ kejì a kan ẹlòmíràn, títí yóò fi kárí. Ẹni tí ó bá kàn ni yóò bọ́ àwọn ìyókù. Nígbà tí ẹsẹ̀ Mùkáílà, ìmàle tí ilé rẹ̀ kángun sí ṣọ́ọ̀ṣì, kán ní ìgbà ìroko, wọn kò béèrè ẹ̀sìn rẹ̀ kí wọ́n tó kà á mọ́ àáró. Wọ́n ro oko náà tán, wọ́n jẹun, wọ́n lọ. Ní ọjọ́ Ìsinmi tí ó tẹ̀ lé e, Jàmílàt ìyàwó rẹ̀ wọ ṣọ́ọ̀ṣì, ó jókòó sí ẹ̀yìn pátápátá. Àwọn mìíràn tẹ̀ lé e. Ènìyàn mẹ́rìnléláàádọ́rin ni ó wà nínú ìjọ nígbà náà.

Èṣùbíyìí ni olórí àáró. Ilé abọrẹ̀ ni a ti bí i, kò sì yí orúkọ rẹ̀ padà nígbà tí ó ṣe ìrìbọmi. Bí ẹnikẹ́ni bá fi í ṣe yẹ̀yẹ́, Akínladé ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni yóò fèsì pé, "Èṣù tí ó bí èyí ti sọ ọmọ nù." Àwo kan ni àwọn méjèèjì fi ń jẹun.

Ní ọjọ́ tí mo wí yìí, Akínladé ni àáró kàn. Koríko ti ń bo ẹ̀gúsí rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ìyàwó rẹ̀, Màmá Kíkí, gún iyán ènìyàn méjìlélógún. Oòrùn yọ, oòrùn kan àtàrí, ẹsẹ̀ kan kò yà síbẹ̀. Èṣùbíyìí ti kó gbogbo wọn lọ ṣán àyíká ṣọ́ọ̀ṣì, nítorí alábòójútó ìjọ ń bọ̀ lọ́jọ́ kejì. "Ọ̀rẹ́ mi ni Akínladé," ni ó wí fún wọn, "yóò yé e." Òjò bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kejì náà, kò dá fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ẹ̀gúsí rà sábẹ́ koríko.

"Ṣé ọ̀rẹ́ ni ènìyàn ń kọ́kọ́ já sílẹ̀?" ni Akínladé bi Èṣùbíyìí.

"Ilé Ọlọ́run ni a tún ṣe, kì í ṣe ilé bàbá mi. Nítorí ẹ̀gúsí ni o fi ń hó bí ìkòkò yìí?"

"Ajá ni ó jẹ iyán ènìyàn méjìlélógún, Èṣùbíyìí."

"Àwọn ajá yẹn á mà dúpẹ́ o!" Èṣùbíyìí sì bú sẹ́rìn-ín.

Ẹ̀rín yẹn ni kò tán nínú Akínladé. Ó búra lójú gbogbo ìjọ pé ọkọ́ òun àti ti Èṣùbíyìí kò ní pàdé nínú aporo oko kan mọ́, ẹnu òun kò sì ní kan ago oúnjẹ Olúwa tí ẹnu rẹ̀ bá kàn. Èṣùbíyìí, nítorí pé olórí ni, kò bẹ̀ ẹ́.

Ìjọ pín sí àga ọ̀tún àti àga òsì. Bí ọ̀tún bá dá orin, òsì a panu mọ́. Àáró di méjì, ó di mẹ́rin, ó sì parẹ́. Wọ́n gba ààwẹ̀. Wọ́n háyà ẹ̀rọ gbohùngbohùn láti Igbó-Ọrà, wọ́n fi kéde Jésù yí abúlé ká. Kò sí ẹni tí ó wọlé. Àwọn tí ó wà nínú ilé ni ó ń jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ọdún 2024 yóò fi dé, ènìyàn mẹ́sàn-án ni ó kù.

Ní òpin oṣù Karùn-ún ọdún náà, rọpárọsẹ̀ dá Èṣùbíyìí dùbúlẹ̀. Ní ọjọ́rú kan nínú oṣù Kẹfà, ó rán Màmá Ayọ̀bámi, ìyàwó rẹ̀, sí Akínladé.

"Ó ní kí ẹ wá, Bàbá Kíkí. Ó ní òun jẹ̀bi. Ó fẹ́ kí ẹ jọ mu nínú ago Olúwa kí òun tó lọ."

Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún wúwo nínú Akínladé. "Ẹ sọ fún un pé n óò wá bí mo bá ro ẹ̀gúsí mi tán."

Èṣùbíyìí kú ní ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejì rẹ̀, kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n sin ín. Nígbà tí wọ́n ti ibi ìsìnkú dé, Akínladé bá Jàmílàt nídìí ẹ̀rọ omi.

"Ìyá Tàófíìk, ó ti pẹ́ tí a ti rí ọ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Kí ni a fi ṣẹ̀ ọ́?"

Ó gbé kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ kalẹ̀. "Ẹ ò ṣẹ̀ mí, bàbá. Nígbà tí ẹ wá ro oko Mùkáílà, ẹ ò wàásù. Ọwọ́ yín ni mo tẹ̀ lé wọlé. Nígbà tó yá, mo rí i pé ẹ ò kí ara yín mọ́. Àwọn obìnrin àsàlátù ló ń pọnmi fún Màmá Ayọ̀bámi láti ọjọ́ tí ọkọ rẹ̀ ti ṣubú. Oko rẹ̀ ńkọ́? Ta ló ro ó nínú yín?"

"Mo ní n óò lọ—"

"Ẹ ní ẹ óò ro ẹ̀gúsí yín tán ná. A gbọ́. Abúlé kékeré ni."

Ó gbé omi rẹ̀, ó lọ.

Ní òwúrọ̀ Àbámẹ́ta, Akínladé gbé ọkọ́. Ìdajì ẹ̀gúsí rẹ̀ ṣì wà nínú koríko, òjò sì ti ṣú dẹ̀dẹ̀ sí apá Ìdèrè. Màmá Kíkí rí i pé ọ̀nà òsì ni ó kọjú sí.

"Bàbá Kíkí, ọ̀tún ni oko wa wà."

"Mo mọ̀. Oko Èṣùbíyìí ni mò ń lọ."

Obìnrin náà fa odó sọ́dọ̀. "Iyán ènìyàn mélòó ni kí n gún?"

"Ti ẹnì kan."

Akínladé wo ọ̀run, ó wo apá oko ẹ̀gúsí rẹ̀, ó sì pinnu pé bí yóò bá rà, kí ó rà: oko opó Èṣùbíyìí ni òun yóò kọ́kọ́ ro.